Bí Ẹ Ṣe Lè Kan Tábìlì fún Títì Slot Car Nínú Ilé, àti Bí Ẹ Ó Ṣe Máa Lò Ó

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń to títì slot car sí. Wọ́n á tú páálí rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀, wọ́n á so ègé títì mọ́ra, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, inú gbogbo ilé á dùn. Tó bá di ọjọ́ kejì, irun kápẹ́ẹ̀tì á ti wé mọ́ táyà ọkọ̀, ẹnì kan tó ń lọ bu omi á ti tẹ ègé títì kan mọ́lẹ̀, iyanrìn tí bàtà kó wọlé á sì ti dí ihò. Kó tó pẹ́, wọ́n á ti kó gbogbo rẹ̀ padà sínú páálí, wọ́n á ní nǹkan náà ò dáa. Nǹkan náà dáa. Tábìlì ni kò ní.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí, slot car ni ọkọ̀ kékeré oníná tó ní ahọ́n kan lábẹ́ imú. Ahọ́n yẹn á wọ inú ihò tóóró tó lọ jálẹ̀ ojú títì. Irin pẹlẹbẹ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ibẹ̀ ni iná ń gbà dé inú ọkọ̀. Kọ̀ńtírólà tó wà lọ́wọ́ yín kì í yí ọkọ̀ o. Eré nìkan ló ń fi kún, tó sì ń dín kù. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù ní kọ́nà, ọkọ̀ á fò jáde. Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Fred Francis ló gbé irú slot car tí wọ́n ń pè ní Scalextric jáde ní 1957. Ọkọ̀ onísípíríǹgì tí kò nílò iná ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Jámánì náà ní tiwọn, Carrera. Èyí tó bá dé ọwọ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, bóyá ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́, bóyá inú ẹrù tòkunbọ̀ la ti rà á. Ibi yòówù kó ti wá, tábìlì kan náà ló máa gbà á.

Ẹ WỌN ỌWỌ́ YÍN KÍ Ẹ TÓ WỌN YÀRÁ

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa tábìlì yìí, orí ohun kan ló dúró lé: ọkọ̀ máa fò jáde. Kò sí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n wà débi tí ọkọ̀ kò ní fò. Tó bá sì ti fò, ẹnì kan ní láti na ọwọ́ gbé e padà sínú ihò, kíákíá, láìfi ìgbọ̀nwọ́ gbá ọkọ̀ ẹlòmíì dànù. Tábìlì tí ọwọ́ kò bá ká, ẹwà lásán ni.

Ẹ lọ dúró ti tábìlì oúnjẹ yín. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ má fara tì í, ẹ na ọwọ́, kí ẹnì kan fi tépù wọn ibi tí orí ìka yín dé. Ti àgbàlagbà máa ń tó bíi 75cm. Ti ọmọdé kò lè tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ wọn ti ọmọ yín lọ́tọ̀. Pákó plywood tí wọ́n ń tà lọ́jà wá jẹ́ fíìtì 4 sí 8, ìyẹn 122cm sí 244cm. Tí ẹ bá ti ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ mọ́ ògiri, ọkọ̀ tó bá fò jáde lápá ọ̀hún ti di ti ògiri. Ẹ ó máa gun orí tábìlì láti lọ gbé e ni, orúnkún yín á sì máa fọ́ ègé títì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nínú yàrá fíìtì 10 sí 12, tí ẹ bá gbé odindi pákó sáàárín, fíìtì 3 á ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì, fíìtì 2 á ṣẹ́ kù lórí àti nídìí. Èèyàn lè yí i po. Àmọ́ yàrá ta ló ṣófo báyẹn? Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́, wọ́dúróòbù ńkọ́? Nínú yàrá fíìtì 10 sí 10, tàbí nínú àwọn yàrá akẹ́kọ̀ọ́ tó kún àdúgbò Under G nílùú wa, ẹ ò ní rí àyè yẹn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti rẹ́ pákó náà sí fíìtì 3, ìyẹn nǹkan bíi 91cm, kí ẹ wá ti ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ ògiri; ẹ ó kàn ní láti tẹ̀ síwájú sí i díẹ̀ kí ọwọ́ tó dé etí ọ̀hún. Ẹ má da fíìtì kan tó ṣẹ́ kù nù, mo máa sọ ibi tí a ó ti lò ó.

Tí àyè bá há ju bẹ́ẹ̀ lọ, irú ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà ni kí ẹ yí padà. Ọkọ̀ ìwọ̀n 1:32 (ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi gùn jù ú lọ ní ìlọ́po 32), bí ọ̀pọ̀ Scalextric ṣe rí, máa ń gùn tó bíi 14cm. Èyí tí wọ́n ń pè ní HO, tó jẹ́ nǹkan bíi 1:64, kò ju bíi 7cm lọ, títì rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Lórí pákó kan náà, títì HO lè rìn jìnnà kó sì ní kọ́nà tó pọ̀. Èmi fẹ́ràn 1:32 fún ilé tí ọmọ kéékèèké wà, torí ó rọrùn fún wọn láti gbé ahọ́n rẹ̀ wọ inú ihò.

Ní ti gíga, íǹṣì 30 dáa fún ilé tí tọmọdé tàgbà ti máa ṣeré. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà nìkan, tí wọ́n á sì máa dúró, ẹ gbé e lọ sí 36. Èmi ò ní kúrò lórí 30. Àgbàlagbà lè fa àga jókòó. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè ga sí i lálẹ́ òní.

Ẹ TO TÍTÌ NÁÀ KÍ KÁFÍŃTÀ TÓ GBÉ AYÙN

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa fíìtì 4 sí 8 sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú pálọ̀ tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ to ègé títì yín sínú rẹ̀. Ìṣirò nìyí fún ẹni tó ní Scalextric ti òde òní. Odindi ègé gbọọrọ kan gùn ní 35cm, ó sì fẹ̀ ní 15.6cm fún ojú ọ̀nà méjì. Kọ́nà tó wọ́pọ̀ jù nínú páálí ni R2. Tí ẹ bá so ó pọ̀ di ìdajì òbìrí, láti etí dé etí rẹ̀ jẹ́ 74cm. Ègé gbọọrọ mẹ́rin jẹ́ 140cm. Ẹ fi kọ́nà orí àti ti ìdí kún un, 74cm lápapọ̀, ó di 214cm. Ó ṣẹ́ ku 30cm lórí pákó 244cm: 15cm lórí, 15cm nídìí.

Àyè tó ṣẹ́ kù yẹn kì í ṣe ìnákúnàá. Ìdí ọkọ̀ máa ń gbá síta ní kọ́nà. Tí kò bá sí àyè lẹ́yìn títì, ìdí ọkọ̀ á máa gbá ògiri, tàbí kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ já lulẹ̀, símẹ́ńtì ilé wa kì í sì í ṣàánú. Ẹ má jẹ́ kó dín ní 8cm níbikíbi tí kọ́nà bá wà. Kọ́nà R3 tóbi ju R2 lọ, bíi 105cm láti etí dé etí, ọkọ̀ sì ń sáré lórí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ègé gbọọrọ mẹ́ta péré ló máa bá a wọ orí pákó yìí, kò sì lè wọ orí tábìlì fíìtì 3 rárá. Ẹ má sì gbé ìṣirò yìí lé Carrera Evolution: ègé gbọọrọ tiẹ̀ jẹ́ 34.5cm, ó sì fẹ̀ ní 19.8cm.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ rò nígbà tí ẹ bá ń to ó ni pé ọ̀nà inú kúrú ju ọ̀nà òde lọ lórí títì tó rí róbótó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á máa sáré jìjàdù ọ̀nà inú, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Tí títì bá gba ara rẹ̀ kọjá, tó rí bíi nọ́ńbà 8, ẹni tó wà nínú ní kọ́nà kan á bọ́ síta ní kọ́nà kejì, ọ̀nà méjèèjì á sì dọ́gba. Ẹ wá jẹ́ kí ojú ọ̀nà tó gùn jù wà níwájú ibi tí àwọn awakọ̀ máa jókòó sí, kí kọ́nà tó le jù sì wà níbi tí ọwọ́ ti lè ká a wéré. Ẹ má kó gbogbo ègé tí ẹ ní jọ sórí tábìlì torí pé ẹ ní in. Títì tó kún fún kọ́nà dáa fún wíwò ju wíwakọ̀ lọ.

Tó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi fóònù yà á láti òkè, ẹ lẹ tépù kékeré mọ́ ìdí ègé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i.

IGI ÀTI PÁKÓ

Plywood tó nípọn ní ìdajì íǹṣì, nǹkan bíi 12mm, ni kí ẹ rà. Èyí tó jẹ́ ìdámẹ́rin íǹṣì máa ń tẹ̀ nínú, oríkèé títì á sì máa yọ. Èyí tó jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì lágbára gan-an, àmọ́ ẹ ti wá ẹni tó máa bá yín gbé e sílẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé pákó náà dúró, ẹ di ojú kan, ẹ fi ojú kejì wo etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó bá ti wọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ fi ìka kan ojú rẹ̀ káàkiri. Ibi tó bá dún gbòò, ìpele rẹ̀ ti là nínú nìyẹn.

Igi fírémù, ẹ ra tú-báì-tíríì. Fíìtì 12 ni wọ́n máa ń gé e sí, mẹ́fà á sì tó: mẹ́rin fún fírémù, méjì fún ẹsẹ̀. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti kàn, owó rẹ̀ kò sì gani lára, ṣùgbọ́n ikán fẹ́ràn rẹ̀ ju bí àwa ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá rí àfàrà tó gbẹ, òun ni kí ẹ mú. Ìrókò àti apá, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe ilẹ̀kùn rà wọ́n.

Gbígbẹ igi ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ. Igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́míìlì dé, tí ẹ kàn án ní oṣù kẹsàn-án nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ dé ní oṣù kejìlá. Ẹ gbé igi àti pákó náà sínú yàrá tí tábìlì máa wà, ẹ tẹ́ wọn pẹrẹsẹ, kí wọ́n lo bí ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ kí ayùn tó kàn wọ́n. Ilé tí ikán bá ti ń yọjú, ẹ ra oògùn ikán níbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà, kí ẹ fi kun ẹsẹ̀ igi níta gbangba, kí òórùn rẹ̀ sì lọ kí ẹ tó gbé e wọlé. Àwọn kan máa ń fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà kúrò nínú mọ́tò kùn ún. Ó ń lé ikán lóòótọ́, àmọ́ òórùn rẹ̀ kì í kúrò nínú yàrá bọ̀rọ̀, ó sì ń ba aṣọ jẹ́. Èmi ò ní gbà á láyè nínú ilé.

Tó bá jẹ́ káfíńtà lẹ fẹ́ gbé e fún, ẹ mú ọkọ̀ kan àti ègé títì méjì dání lọ. Èyí tó ń bá mi ṣiṣẹ́ nítòsí Tákìé wojú mi nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé fún un. Ó ní, “Bọ̀dá, tábìlì wo ni kì í gbé oúnjẹ, tí kì í gbé aṣọ, tí ẹ wá ní kò gbọ́dọ̀ mì?” Mo ní, “Bàbá, títì la fẹ́ tẹ́ sórí ẹ̀.” Ìgbà tí mo fi ọkọ̀ náà hàn án ló gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀, tó tún gbogbo ìwọ̀n tó kọ sára ògiri kọ.

BÍ Ẹ Ó ṢE KÀN ÁN

Méjì ni mo ní kí ẹ kan tábìlì yìí, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ rẹ́ pákó fíìtì 8 sí fíìtì 4 méjì, kí ìdajì kọ̀ọ̀kan ní fírémù àti ẹsẹ̀ tirẹ̀, kí ẹ wá fi bọ́ọ̀tì dì wọ́n pọ̀. Odindi fíìtì 8 kì í yí ní kọ́rídọ̀ ilé wa. Ilé àyágbé sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé. Ọjọ́ tí ẹ bá kó, ẹ ò ní fẹ́ fi ayùn gé ohun tí ẹ fi owó kàn. Ìdajì méjì lè dúró sẹ́yìn wọ́dúróòbù.

Ẹ kọ́kọ́ gé igi fírémù. Ìdajì kọ̀ọ̀kan nílò igi gígùn méjì tó jẹ́ fíìtì 4, àti igi mẹ́ta tó máa wọ àárín wọn: ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan láàárín gbùngbùn. Àwọn mẹ́ta yìí máa kúrú ju fíìtì 4 lọ ní ìwọ̀n ìpọn igi gígùn méjèèjì, torí náà ẹ má gé wọn tán kí ẹ tó fi tépù wọn ìpọn igi yín gan-an. Tú-báì-tíríì ọjà kì í pé íǹṣì 2 sí 3. Tó bá jẹ́ tábìlì fíìtì 3 lẹ fẹ́, ẹ dín wọn kù síbẹ̀.

Ẹ ta gọ́ọ̀mù funfun sí ojú ibi tí igi ti máa pàdé, kí ẹ tó fi síkúrù dè é. Ìṣó lásán máa ń tú díẹ̀díẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá ń fara ti tábìlì. Síkúrù kì í tú bẹ́ẹ̀. Kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, ẹ fi tépù wọn fírémù náà láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, kí ẹ wọn igun méjì yòókù bákan náà. Tí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, fírémù náà tọ́. Tí kò bá dọ́gba, ẹ rọra ti igun tó gùn jù wọlé títí wọ́n á fi bára mu.

Ẹ gbé pákó lé fírémù, ẹ fi síkúrù tí orí rẹ̀ máa wọlé tán dè é, ní bíi íǹṣì 8 síra wọn. Ẹ fi sáńpépà fá ojú àti etí rẹ̀. Ọ̀dà tí kì í dán ni kí ẹ kùn ún, àwọ̀ ewé tàbí eérú, torí ọ̀dà tó ń dán máa ń tan ìmọ́lẹ̀ gílóòbù sójú awakọ̀. Ẹ kun ìdí pákó náà pẹ̀lú, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ní rí i. Pákó tí wọ́n kun ojú kan rẹ̀ tí wọ́n fi ojú kejì sílẹ̀, ojú tí ọ̀dà kò kàn á máa mu ọ̀rinrin lásìkò òjò, á sì máa gbẹ ju ojú kejì lọ lásìkò ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni pákó ṣe ń tẹ̀ kọrọdọ.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ìdajì kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀tì ni kí ẹ fi dè é mọ́ inú igun fírémù, méjì fún ẹsẹ̀ kan, kí ẹ lè máa yọ ọ́. Ibí ni àjẹkù pákó tí mo ní kí ẹ má dà nù ti wúlò: ẹ gé e sí onígun mẹ́ta kéékèèké, ẹ fi síkúrù dè é mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ àti fírémù ti pàdé. Òun ló ń gba mímì lọ́wọ́ tábìlì. Ẹni tó lo odindi pákó tí kò ní àjẹkù, kó fi igi tó ṣẹ́ kù ṣe ìgbátí, ìyẹn igi tó ń gba ẹsẹ̀ ró, ní ìdábùú. Ẹ gé àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì rọ́bà tó ti gbó, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kì í jẹ́ kí tábìlì yọ̀ lórí táì, ó sì ń pa ariwo.

Ẹ wá gbé ìdajì méjèèjì kanra wọn. Ẹ fi dírílì lu ihò mẹ́ta la fírémù méjèèjì já lẹ́ẹ̀kan náà, kí bọ́ọ̀tì 10mm wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ọ̀tì oníyẹ̀ẹ́ tí a ń fi ọwọ́ yí dì í. Ẹ fi ìka yín gba ojú ibi tí pákó méjèèjì ti pàdé kọjá. Ohun tí ìka bá fura sí, ọkọ̀ náà máa fura sí i. Tí ọ̀kan bá ga, ẹ tú u, ẹ fi páálí pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ èkejì, ẹ tún un dì.

Ilẹ̀ ilé kì í sábà tẹ́. Ẹ yá lẹ́fẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ bíríkìlà, tàbí rọ́bà omi tí wọ́n fi ń wo ìpìlẹ̀, kí ẹ fi wo tábìlì náà ní gígùn àti ní ìbú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ife omi tó kún sáàárín rẹ̀, kí ẹ ní kí ọmọ kan kọjá, kó fi ìdí gbá a. Tí omi bá dà, ìgbátí kò tíì tó.

TÍTẸ́ TÍTÌ ÀTI FÍFA INÁ

Ẹ má kan títì mọ́ tábìlì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ tò ó, ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ máa rí i pé kọ́nà kan le jù, pé afárá ń dí yín lójú, pé ẹ fẹ́ yí nǹkan. Tí ọkàn yín bá ti balẹ̀, ẹ wá fi síkúrù tín-ín-rín dè é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni o, kì í ṣe nítòsí irin. Ẹ má sì dì í pinpin. Yàrá tí páànù rẹ̀ wà lókè orí láìsí sílìǹ tó dáa máa ń gbóná kọjá sísọ ní oṣù kẹta, ike títì á sì fẹ̀ sí i. Tí kò bá ráyè sún, á gbé ara rẹ̀ sókè ní oríkèé.

Ní ti iná, ẹ yí àdápítọ̀ dorí kodò, ẹ kà á kí ẹ tó kì í bọ iná. Tó bá kọ “INPUT 100-240V”, kò séwu. Tó bá jẹ́ 120V nìkan ló kọ, Amẹ́ríkà ló ti wá, iná 240V tiwa á sì jó o lójú ẹsẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ step-down, tàbí kí ẹ wá àdápítọ̀ mìíràn tí vólù àti áńpìà tó ń gbé jáde bá ti àkọ́kọ́ mu. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní ẹnu mẹ́ta bíi ti wa. Ẹ fi sítébíláísà sáàárín, pàápàá tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ ń lò. Iná sólà tó gba inú ínfátà kọjá dáa ju méjèèjì lọ. Ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ so bátìrì mọ́tò mọ́ títì tààrà: bí ìṣó kan bá jábọ́ sórí irin méjèèjì, bátìrì kò ní dáwọ́ dúró, wáyà ló máa pọ́n.

Lórí títì tó gùn, ẹ ó rí i pé ọkọ̀ ń sáré dáadáa nítòsí ibi tí iná ti wọlé, ṣùgbọ́n ó ń rẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀hún. Oríkèé ló fà á; gbogbo ibi tí ègé méjì ti pàdé ló ń jẹ díẹ̀ nínú iná. Wáyà ni kí ẹ fi gbé iná gba abẹ́ tábìlì lọ sí apá ọ̀hún. Ẹ lu ihò kékeré sí pákó lábẹ́ títì, ẹ fa wáyà 1.5mm gba ibẹ̀, kí àwọn tó ń tún rédíò ṣe bá yín fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ ìdí irin. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń jìn nìyí: irin ọ̀tún ní láti lọ bá irin ọ̀tún, irin òsì ní láti lọ bá irin òsì, lórí ojú ọ̀nà kan náà. Tí ẹ bá gbé wọn kọjá ara wọn, iná á pàdé iná. Tí ẹ bá sì gbé wáyà ọ̀nà kan bọ ọ̀nà kejì, kọ̀ńtírólà kan á máa wa ọkọ̀ méjì. Ẹ fi wáyà aláwọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe é, kí ẹ sì kọ ọ́ sídìí pákó. Níbi tí tábìlì ti pín sí méjì, ẹ fi kọ̀nẹ́ítọ̀ tó ṣeé yọ síbẹ̀.

Ẹ so gbogbo wáyà mọ́ fírémù lókè, kó má fì. Wáyà tó bá fì, èkúté á rí i.

LÍLÒ Ó

Ọkọ̀ tuntun sábà máa ń ní òòfà lábẹ́, tó ń fà á mọ́ irin títì. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun mọ ọkọ̀ wà lóòótọ́ lè yọ ọ́, kó wá wo bí ìdí ọkọ̀ á ṣe máa gbá síta. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti tú ọwọ́ kí wọ́n tó wọ kọ́nà, kí wọ́n sì máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ti ń jáde. Ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ pa látìbẹ̀rẹ̀ dópin ni ọkọ̀ rẹ̀ ń lo ọ̀pọ̀ àkókò lórí símẹ́ńtì.

Ẹ fi fóòmù pẹlẹbẹ tàbí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ògiri yí etí tábìlì po, kó ga tó 5cm. Tí ọmọ bá pọ̀ ju ọkọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí méjì wà á, kí méjì dúró sí kọ́nà láti máa gbé ọkọ̀ tó bá fò padà, kí wọ́n wá pààrọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìyípo mẹ́wàá, kí wọ́n pààrọ̀ ojú ọ̀nà, kí wọ́n tún ṣe mẹ́wàá, kí ẹ tó ro àkókò méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ń ka ìyípo kò gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tó ń wakọ̀. Mo ti gbọ́ àwíjàre tó gùn ju eré fúnra rẹ̀ lọ.

Òfin kan tí kò sí nínú ìwé tó bá páálí wá, tó sì yẹ kó wà nílé wa: bí NEPA bá mú iná, gbogbo ọwọ́ gbọ́dọ̀ kúrò lórí kọ̀ńtírólà, kí àgbàlagbà kan sì yọ àdápítọ̀. Iná tó ń padà bọ̀ máa ń wọlé pẹ̀lú agbára, ọkọ̀ tí ọwọ́ ṣì wà lórí kọ̀ńtírólà rẹ̀ á sì ta fìrì dé ara ògiri.

ỌYẸ́, ÒJÒ ÀTI ỌMỌ́NLÉ

Eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá títì nílùú yìí. Ó máa ń bo irin, ọkọ̀ á máa ta kánkán, á máa dúró, bí ẹni pé mọ́tò inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ iná, ẹ fi aṣọ tí kì í tú irun kan spírítì tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, ẹ fi nu irin yí ká, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ tán kí ẹ tó tan iná padà. Spírítì ń gbiná, irin sì ń ta páná. Tí àlà dúdú bá lẹ̀ mọ́ irin, írésà tí ọmọ ilé ìwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ á mú un kúrò. Ẹ má fi irin ìfọkòkò nù ún láé. Fọ́nrán rẹ̀ á já sínú títì, òòfà inú mọ́tò ọkọ̀ á fà á mọ́ra, ọkọ̀ náà sì parí.

Lásìkò òjò, ìpẹtà ni ẹ ó máa ṣọ́. Ẹ máa nu irin déédéé bí ẹ kò tilẹ̀ ṣeré, ẹ má sì gbé tábìlì sábẹ́ fèrèsé tí òjò ń fẹ́ wọ̀. Ọmọ́nlé ní tirẹ̀ kò ní àsìkò: ó ń rìn lórí àjà, ohun tó bá sì jábọ́ lára rẹ̀, ojú títì ló ń bọ́ sí. Ìró àńkárá tó ti gbó tàbí bẹ́ẹ̀dṣíìtì, tí ẹ fi bo tábìlì tí eré bá ti tán, á dáàbò bò ó.

Lábẹ́ ọkọ̀, ẹ wo ìrun wáyà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n. Àwọn ló ń gba iná lára irin. Tí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n dúdú, ẹ fi abẹ́rẹ́ tú wọn díẹ̀, kí ẹ tẹ̀ wọ́n sísàlẹ̀ kí wọ́n lè kan irin. Ẹ yí táyà ẹ̀yìn lórí ojú sẹ́lótéèpù tó ń lẹ̀. Eruku inú rẹ̀ á bá a jáde, táyà á sì tún di títì mú.

Tí ẹ bá fẹ́ kó tábìlì kúrò, ẹ yọ ègé títì tó wà lórí ojú ibi tí pákó ti pàdé, ẹ já kọ̀nẹ́ítọ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì mẹ́ta, ẹ yọ ẹsẹ̀. Ẹ kó bọ́ọ̀tì sínú ọ̀rá, kí ẹ so ó mọ́ fírémù kan náà. Ẹ gbé ìdajì méjèèjì dúró kí ojú títì kọ síra wọn, pẹ̀lú aṣọ láàárín. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e kalẹ̀ padà, ìdajì tí kọ̀ńtírólà wà lára rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé dúró, kí ẹ wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kí ẹ tó gbé èkejì wá bá a.